Lẹ́yìn Aṣọ Ìkélé

Obìnrin tó ti hu ewú kúnlẹ̀ níwájú mi, ó bi mí pé kí ni màá mu. Mo fò dìde, èmi náà kúnlẹ̀. Bí àwa méjèèjì ṣe wà lórí ìkúnlẹ̀ nìyẹn, ojú kan ojú, nínú ọkọ̀ òfurufú tí kò tíì gbéra ní pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Màmá àgbà ń pariwo láti orí àga tirẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dìde! Ọmọ kékeré ni! Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni!" Òyìnbó ni obìnrin náà, kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún bi mí. Mo ní omi. Omi nìkan ló wá sí mi lẹ́nu.

Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ fáàsì kíláàsì kì í dúró lé èrò lórí bá a sọ̀rọ̀. Á rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ojú ẹni tó jókòó dọ́gba. Wọ́n sì máa ń fi orúkọ pe èèyàn. Obìnrin yẹn pè mí ní "Mísì", ó fi orúkọ bàbá mi tì í, mo sì bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíì ló ń pè. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, tíṣà tó bá fi orúkọ bàbá mi pè mí, ó fẹ́ nà mí ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọmọ télọ̀ láti Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ṣe dé irú ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin ni à ń pè ní Dádì London. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe máa ń gbé e kiri ayé, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló sì ń sanwó ọkọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní àṣà kan: bí o bá ṣe ń wọ ọkọ̀ wọn tó, wọn á máa kọ ohun tí wọ́n ń pè ní máìlì sí orúkọ rẹ, bí alájọ ṣe ń fàlà sórí káàdì. Tó bá pọ̀ tó, o lè fi gba tíkẹ́ẹ̀tì. Dádì London ń kó tirẹ̀ jọ, kò ná an. Ó ní ọjọ́ tí òun bá fẹ̀yìn tì, òun á dùbúlẹ̀ gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì nínú òfurufú, òun á sì sùn wá sí Ìbàdàn bí ọba.

Àmọ́ kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń lọ sí ilé ìwòsàn kí ẹ̀rọ lè bá a fọ ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Àwọn dókítà rẹ̀ ní ara rẹ̀ kò tíì le tó láti rin ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn. Màmá àgbà, ẹni ọdún 79 tí eékún ń dà láàmú, ní òun kò ní jókòó sí Ìbàdàn kí òun máa gbọ́ ohùn ọmọ òun lórí fóònù. Bí ọmọ kò bá lè wá, ìyá á lọ. Ni Dádì London bá kó gbogbo máìlì rẹ̀, ó fi gba tíkẹ́ẹ̀tì fáàsì kíláàsì méjì: ọ̀kan fún Màmá àgbà, ọ̀kan fún ẹni tí yóò jókòó tì í. Ẹnì kẹta nínú wa á wà ní ikónómì. Owó èésú tí màmá mi kó ló fi ra ìyẹn.

Èmi ni wọ́n ní kí n jókòó ti Màmá àgbà. Màmá mi ní ikùn òun kì í gba oúnjẹ òyìnbó, pé ó tiẹ̀ wu òun kí òun wà láàárín èrò. Mo gbà á gbọ́. Kí n má purọ́, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo kíláàsì mi ni mo ti ròyìn fún.

Lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n wo tíkẹ́ẹ̀tì wa, wọ́n ní kí èmi àti Màmá àgbà yà sí òsì. Wọ́n ní kí màmá mi yà sí ọ̀tún. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ní, "Tọ́jú màmá mi o," ó sì lọ.

Àga mẹ́jọ péré ló wà níbẹ̀. Mo kà á. Ògiri kékeré yí àga kọ̀ọ̀kan ká, bí yàrá tí kò ní òrùlé. Tẹlifíṣọ̀n wà níwájú, kọ́bọ́ọ̀dù tóóró wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún aṣọ, àyè sì wà fún bàtà. Bọ́tìnnì kan wà tí mo tẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi gòkè lójijì, mo figbe ta. Wọ́n fún wa ní pìjámà, sílípáàsì, àti àpò kékeré tí ìpara, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti kóòmù wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀mú gbé aṣọ ìnura kékeré gbígbóná fún wa pé kí á fi nu ọwọ́. Màmá àgbà fi nu gbogbo ojú àti ọrùn rẹ̀, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó wá fẹnu sí mi létí: "Èló ni wọ́n ń gbà lóṣù níbí?"

Kí a tó lọ ni mo ti ń kà nípa fáàsì kíláàsì lórí fóònù. Mo kà pé Singapore Airlines ti ní yàrá onílẹ̀kùn nínú ọkọ̀ A380 wọn láti ọdún 2007, àti pé nínú A380 ti Emirates, èèyàn lè wẹ̀ lókè níbẹ̀. Omi ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n á fún ọ, torí pé omi wúwo láti gbé fò. Tiwa kò ní ilé ìwẹ̀. Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ohun tí mo kà ni pé ọdún 1952 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíkẹ́ẹ̀tì owó pọ́ọ́kú lórí Òkun Àtìláńtíìkì. Ṣáájú ìgbà yẹn, olówó ló ń fò, ẹni tí kò bá lówó á wọ ọkọ̀ ojú omi. Èmi ti rò pé ńṣe ni wọ́n fi fáàsì kíláàsì kún ọkọ̀ lẹ́yìn. Àṣé àwa yòókù ni wọ́n fi kún un.

Aago mọ́kànlá òru ti kọjá kí ọkọ̀ tó gbéra. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ dé. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun síwájú mi, wọ́n to àwo tánganran àti fọ́ọ̀kì tó wúwo lé e. Ohun tó kọ́kọ́ dé ni ẹyin ẹja tí wọ́n ń pè ní caviar. Ó jọ yanmọtí dúdú tí wọ́n rẹ sómi. Ṣíbí tí wọ́n fi ìkarahun ṣe ló bá a wá, torí wọ́n ní irin máa ń ba adùn rẹ̀ jẹ́. Ó níyọ̀, ó ń bẹ́ lábẹ́ eyín. Mo gbé e mì, mo ní ó dùn, torí mi ò fẹ́ kí obìnrin yẹn rò pé mi ò mọ̀ ọ́n jẹ.

Ó sì ní ìdí tí adùn oúnjẹ fi máa ń dín kù lókè. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ gbẹ gan-an, bí ìgbà ọyẹ́, ó sì fúyẹ́ bíi ti orí òkè tó ga tó nǹkan bí 2,000 mítà. Imú á gbẹ, ahọ́n kò sì ní mọ iyọ̀ àti ṣúgà bó ṣe ń mọ̀ ọ́n nílẹ̀. Owó yòówù kí èèyàn san, afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo wa ń mí.

Màmá àgbà kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ṣí báàgì ọwọ́ rẹ̀, ó fa dòdò Ìkirè tí aládùúgbò wa kan mú bọ̀ fún un yọ, ó tú ewé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ojú tì mí, ó tì mí débi pé mo gbójú sí tẹlifíṣọ̀n. Àmọ́ obìnrin yẹn lọ mú àwo tánganran wá, ó to dòdò náà síbẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ bíi pé láti ilé ìdáná tiwọn ló ti jáde. Ó bi mí pé kí ni. Mo ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Màmá àgbà na ẹyọ kan sí i. Ó jẹ ẹ́, ata mú un, omi lé ròrò sí i lójú, ó sì ní ṣé òun lè rí ọ̀kan sí i.

Nígbà tó lọ tán, Màmá àgbà ka mẹ́rin sínú ewé, ó dì í. "Àkànkẹ́, gbé eléyìí lọ fún màmá rẹ lẹ́yìn."

Mo ti wọ pìjámà. Fíìmù mi ti dé ibi tó dùn. Ẹsẹ̀ mi wà lókè.

Mo ní, "Màmá mi ti sùn, mà."

"Ṣé o lọ wò ó ni?"

"Ìgbà tí mo lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan, mo yọjú sí wọn."

Irọ́ ni. Níwájú ni tọ́ílẹ́ẹ̀tì tiwa wà. Láti ibi tí mo jókòó dé ibi tí màmá mi wà, aṣọ ìkélé ló kàn wà láàárín, kò sì sí ẹni tó máa dá mi dúró bí mo bá ń lọ sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń bọ̀ níwájú láti ẹ̀yìn ni wọ́n ń dá padà. Màmá àgbà ní, "Ó dáa, jẹ́ kó sinmi," ó sì dá dòdò náà padà sínú báàgì.

Obìnrin yẹn wá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún mi. Ó tẹ àga náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, ó kó ìrọ̀rí méjì àti aṣọ ìbora tó nípọn sí i. Mo dùbúlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mi ò lè ṣe àbòsí fún yín: ó dùn. Ẹ̀rọ ọkọ̀ ń hun lábẹ́ mi bíi pé ẹnì kan ń rẹ ọmọ. Lórí máàpù inú tẹlifíṣọ̀n, a ti kọjá Kánò, a ti wọ orí aṣálẹ̀ Sàhárà. Ó ní gíga wa jẹ́ nǹkan bí 11,000 mítà, òtútù ìta sì ti lọ sí ìwọ̀n 50 sísàlẹ̀ òdo. Mo rí orúkọ Àgádéésì lórí máàpù náà. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè wa kan máa ń wọ ọkọ̀ akẹ́rù gba inú iyanrìn lọ sí Líbíyà, tí òùngbẹ sì ń pa ẹlòmíì sójú ọ̀nà. Mo ronú nípa wọn fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà mo fa aṣọ ìbora dé ọrùn.

Màmá àgbà kò jẹ́ kí wọ́n tẹ́ tirẹ̀. Ó jókòó gbagidi, ó ń fi ìka kan ara wọn, ó ń pe oríkì ọmọ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀.

"Ẹ sùn díẹ̀, Màmá."

"Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá ló ra bẹ́ẹ̀dì yìí. Ṣé èmi ni màá wá sùn lé e?"

Èmi sùn.

Ní London, àwa la kọ́kọ́ jáde. Wọ́n gbé Màmá àgbà sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, a dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ń retí màmá mi. Èrò ń jáde, wọn kò tán. Ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé tí ojú wọn ti pọ́n, gbogbo wọn ń gba iwájú mi kọjá, èmi tí mo fọ eyín, tí mo fi ìpara ọ̀fẹ́ pa ojú. Màmá mi wà lára àwọn tó jáde kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Bàtà tó wọ̀ láti Ìbàdàn kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wọ́ ọ bíi sílípáàsì. Bí èèyàn bá jókòó sójú kan fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í rìn dáadáa nínú ẹsẹ̀. Ó tiẹ̀ lè dì, kó sì di ọ̀ràn ńlá. Ẹsẹ̀ tí màmá mi fi ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn.

Màmá àgbà bi í pé ṣé ó sùn dáadáa.

"Oorun kẹ̀, Màmá? Mi ò fojú ba oorun. Ìyá ọlọ́mọ kan jókòó tì mí, ọmọ yẹn ń ké, mo bá a gbé e títí ilẹ̀ fi mọ́."

Màmá àgbà wò mí. Kò sọ nǹkan kan sí mi. Ó ṣí báàgì, ó na ewé dòdò náà sí màmá mi. "Àkànkẹ́ ní o ti sùn."

Màmá mi náà wò mí. Mo ń wo ilẹ̀. Ó gba dòdò náà, ó ní, "Bóyá ìgbà tí mo dijú díẹ̀ ló wá."

Ọjọ́ tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ Dádì London ni, kò lè wá pàdé wa. Ọ̀sán ló tó wọlé. Bí Màmá àgbà ṣe di orí ọmọ rẹ̀ mú nínú pálọ̀, mi ò ní kọ ìyẹn síbí.

Ní ọjọ́ kẹta, ó pè mí jókòó. Ó ti rù. Iṣan apá òsì rẹ̀ níbi tí wọ́n ń ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ti wú bí okùn lábẹ́ awọ. Ó ní, "Ó yá, sọ fún mi. Báwo ló ṣe rí?"

Mo rò pé ó mọ̀ ọ́n ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi? Ikónómì ni ilé iṣẹ́ mi ń rà. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ń gba iwájú àwọn àga yẹn kọjá lọ sẹ́yìn. Mi ò jókòó níbẹ̀ rí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn. Mo sọ ti ìkúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mo sọ ti bọ́tìnnì, ti ṣíbí ìkarahun, ti Màmá àgbà tó ń bèèrè owó ilé. Ó dijú, ó ń gbọ́. Ó bi mí pé ìrọ̀rí mélòó ni, ṣé bẹ́ẹ̀dì náà kò le fún ẹ̀yìn, ṣé ẹni tó bá ga bíi tòun á lè na ẹsẹ̀ tán. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Mo sọ ohun gbogbo, àfi dòdò tí wọ́n ní kí n gbé lọ sẹ́yìn.

Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n sọ lóòótọ́. Ṣé o mọ̀ pé orúkọ màmá rẹ ni mo kọ́kọ́ fi sí i? Òru ló pè mí. Ó ní kí n yọ ọ́, kí n fi tìrẹ sí i. Ó ní òun kò mọ̀rọ̀ọ́ sọ, pé bí òun bá dé, gbogbo ohun tí òun á lè sọ ni pé ó dára. Ó ní ìwọ máa ń kọ nǹkan, pé bí o bá sọ ọ́ fún mi, á dà bíi pé mo wọ̀ ọ́."

Mo dìde, mo ní mo fẹ́ mu omi.

A lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Màmá àgbà ní òun kò tíì ń lọ, nítorí náà èmi àti màmá mi nìkan la jọ ń padà. Àga kan níwájú, àga kan lẹ́yìn. Àga iwájú ṣì wà lórúkọ mi. Ní orí tábìlì tí wọ́n ti ń gba ẹrù, wọ́n ní a kò lè pààrọ̀ orúkọ. Mo dákẹ́. Nígbà tí a wọ ọkọ̀, mo lọ bá ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, mo ṣàlàyé fún un, mo fi ẹsẹ̀ màmá mi hàn án. Ó ronú díẹ̀, ó ní bí àwa méjèèjì bá gbà, òun kò rí i pé ó burú. Màmá mi kò gbà. Ó ní, "Àkànkẹ́, má yọ mí lẹ́nu." Mo ti lọ jókòó sórí àga rẹ̀ nígbà yẹn, láàárín ọkùnrin méjì, mo ti de bẹ́líìtì. Èrò ti tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fẹ́ kó kúrò lójú ọ̀nà. Ó fi mí sílẹ̀, ó lọ.

Eékún mi kan àga iwájú. Ẹni tó wà níwájú mi rọ àga rẹ̀ sẹ́yìn, tẹlifíṣọ̀n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí nímú. Ọkùnrin tó wà lọ́tùn-ún mi sùn, ó gbé orí lé mi léjìká. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, n kò jí i. Wọ́n gbé oúnjẹ kọjá: adìyẹ àbí pásítà. Pásítà ló kù nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa.

Wọ́n ti dín iná kù nígbà tí mo rí ẹnì kan tó ń ti aṣọ ìkélé sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń tọ àárín àga bọ̀, tó ń wo nọ́ńbà. Màmá mi ni. Ó fi aṣọ ìnuwọ́ funfun di búrẹ́dì gbígbóná àti ṣokoléètì mú. Ó kó o lé mi lọ́wọ́, ó padà. Kò pẹ́ ó tún dé, ó gbé omi wá. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ìrọ̀rí ni. Ọkùnrin tó wà lápá òsì mi ní kí n bá òun béèrè bóyá òun lè rí ọ̀kan.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin tó máa dé, pìjámà tí wọ́n fún un ló kó sábẹ́ apá, nínú ọ̀rá rẹ̀.

Mo ní, "Mà, ṣé ẹ tiẹ̀ ti dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn rárá?"

"Mo dùbúlẹ̀ díẹ̀."

"Ó dára àbí?"

"Ó dára." Ó fa ṣòkòtò pìjámà náà yọ, ó yí inú rẹ̀ síta, ó gbé e sábẹ́ iná kékeré orí àga mi, ó ń fi ìka tọ ojú okùn rẹ̀. "Wo ìránṣọ yìí. Wo etí rẹ̀ bó ṣe ń tú. Fọ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì péré, á ya. Tí a bá délé, màá tún un rán fún ẹ."

Ó jókòó lé apá àga tó wà létí ọ̀nà, ó ká pìjámà náà sórí itan, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ títí iná bẹ́líìtì fi tàn tí wọ́n ní kó padà sí àyè rẹ̀.